Bọ́tà Ta Ló Le Jù?

Ẹ̀yin tí ẹ ń bèèrè bóyá fíríìjì gáàsì ló dáa nínú ọkọ̀ ìpàgọ́ àbí ti sólà, ẹ wá gbọ́ tiwa ní aṣálẹ̀ Arizona.

Orval onígáàsì ń ki pákó bọ abẹ́ táyà, torí fíríìjì rẹ̀ kì í tutù bí ọkọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lyle wà lórí ọkọ̀ tirẹ̀, ó ń nu eruku ara sólà.

"Orval, ṣé ọkọ̀ lò ń tún ṣe ni àbí ibojì?"

"Sọ̀ kalẹ̀ ńbẹ̀, alágbe oòrùn!"

Àwọn ìyàwó wọn ò kí ara wọn mọ́.

Ni wọ́n bá fi bọ́tà inú fíríìjì wọn díje: ẹni tí tirẹ̀ bá ṣì le lọ́jọ́ kẹta ló borí. Ẹni tó bá fìdí rẹmi á lọ pàgọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kòtò ìgbẹ́.

Èmi Nelda ni wọ́n fi ṣe adájọ́.

Ọjọ́ kẹta pé lónìí. Orval gbé bọ́tà jáde, ó fi kan ìṣó mọ́ pákó.

Lyle gbé tirẹ̀ jáde, òun náà fi kan ìṣó.

"Nelda, ta ló borí?"

Mo wo Orval, ó wolẹ̀. Mo wo Lyle, ó gbójú sókè.

"Ọ̀mì ni. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Fíríìjì méjèèjì ti kú láti ọjọ́ kìíní.

Ní ìdájí ojoojúmọ́, Orval á yọ́ wá bá mi: "Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí Lyle gbọ́." Kó tó délé, Lyle náà á ti yọ́ dé.

Nítorí náà, èyí tó bá wù yín ni kí ẹ rà.

Èmi nìkan ni mo ń ta yìnyín ní aṣálẹ̀ yìí.