Àna Tí Kì Í Jẹun

Ìgbà mẹ́ta ni Samsudeen ti wá sílé Fádáre ní Ṣakí láti kí àwọn òbí Ọlámipọ̀sí, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì ni oúnjẹ Dúróríkẹ́, ìyá ọmọbìnrin náà, padà sí ilé ìdáná bó ṣe jáde. Ní ìgbà àkọ́kọ́, iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ni. Ní ìgbà kejì, Dúróríkẹ́ rò pé bóyá ẹran ìgbẹ́ inú ọbẹ̀ ni ọmọ Fúlàní náà sá fún, ó ní kí àfáà àdúgbò bá òun dúńbú àkùkọ kan. Ní ìgbà kẹta, ó ro ọkà bàbà, ó sì gbé wàrà tí ó rà láàárọ̀ ọjọ́ náà tì í. Samsudeen wolẹ̀, ó ní òun yó, ó dìde.

Iṣẹ́ ìtọ́jú màlúù ló ń ṣe ní Àgọ́-Àrẹ. Ìsẹ́yìn ni òun àti Ọlámipọ̀sí ti pàdé, níbi tí ọmọbìnrin náà ti ń ṣe olùkọ́. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni Ọlámipọ̀sí máa ń wálé.

“Àna tí kì í jẹun, èrè ni,” Fádáre ní. “Iṣu ọdún yìí á tó wa jẹ.”

“Ẹ máa ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀gàn ni. Ẹni tí kò lè jẹ oúnjẹ mi, kí ló fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?”

Ó sọ fún Ọlámipọ̀sí pé bí ọmọkùnrin náà bá wá nígbà kẹrin tí kò jẹun, kó má wulẹ̀ wá nígbà karùn-ún. Ọlámipọ̀sí wọ yàrá lọ, kò sì bá wọn jẹ oúnjẹ alẹ́.

Lẹ́yìn ìbẹ̀wò kejì ni ìyá oníwàrà kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúgbò náà kọjá. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa. Igbá rẹ̀ ti ya lẹ́nu nígbà kan, òwú pupa ni wọ́n fi rán an. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, nígbà tí Ọlámipọ̀sí ti padà sí Ìsẹ́yìn, Dúróríkẹ́ fún un ní àpótí kó jókòó.

“Ìyá oníwàrà, Fúlàní ni yín. Ẹ là mí lọ́yẹ̀.” Ó ro gbogbo rẹ̀, láti orí iyán dórí ọkà. “Samsudeen ni wọ́n ń pè é, ní Àgọ́-Àrẹ. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?”

“Mo máa ń rí ọmọ yẹn. Ìyá Ọlámipọ̀sí, lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin kì í jẹun níwájú ìyá ìyàwó rẹ̀. Ojú ń tì í ni. Bó bá jẹ ẹ́ níṣojú yín, a jẹ́ pé kò kà yín sí.”

“Ebi ló fi ń bọ̀wọ̀ fún mi?”

“Ebi ni.”

“Ìyá rẹ̀ ò sì sọ fún un pé ilé Yorùbá ló ń bọ̀? Àbí màlúù ló bí i ni?”

Ìyá oníwàrà bo igbá rẹ̀, ó tún un ṣí. “Ó lè jẹ́ pé ìyá náà sọ ọ́, kí ọmọ má gbọ́.”

“Wọ́n ní olóríkunkun ni àwọn obìnrin yín.”

“Àwọn kan wà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tiyín ńkọ́? Ṣé ó máa ń tètè jí?”

“Kí àkùkọ tó kọ!”

“Ṣé ó máa ń bínú?”

“Èmi ni mo máa ń bínú. Òun ló máa ń bẹ̀ mí.”

Ìyá oníwàrà rẹ́rìn-ín, ó fi ègé wàrà mẹ́ta ṣe èènì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jọ ń sọ̀rọ̀ báyìí. Dúróríkẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí àlejò ní èdè Fúlàní, ó sì pinnu ohun tí yóò ṣe.

Nígbà tí Samsudeen wá nígbà kẹrin, Dúróríkẹ́ gbé iyán sínú yàrá àlejò, ó ní kó wọlé, ó pa ilẹ̀kùn dé e. Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó jókòó sábẹ́ igi òrí, ó kẹ̀yìn sí ilé. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ẹsẹ̀. Samsudeen ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwo iyán lọ́wọ́, òógùn lójú.

“Màmá, mo fẹ́ jẹun.”

“Padà síbẹ̀ kí o jẹ ẹ́!” Dúróríkẹ́ fa ìborùn bojú, ó bọ́ sí òdìkejì igi. Samsudeen tẹ̀ lé e. Ó tún yí igi ká, Samsudeen náà yí i ká. “Bàbá Ọlámipọ̀sí, ẹ gbà mí o!”

Fádáre wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè dìde.

Samsudeen di ojú, ó bu òkèlè, ó gbé e mì.

“Ta ló ní kí o ṣe báyìí?”

“Ìyá mi ni, mà. Wọ́n ní tí ẹ ò bá rí i tí mò ń gbé e mì, ẹ ò ní fún mi níyàwó.”

Dúróríkẹ́ ṣí ìborùn kúrò lójú. “Jókòó sẹ́yìn igi níbẹ̀ yẹn. Èmi náà á jókòó síbí. Mi ò ní wò ọ́, àmọ́ jẹ́ kí n máa gbọ́ ìró ẹnu rẹ.”

Ó gbọ́ ọ títí ọmọkùnrin náà fi lá àwo. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní kí àwọn ẹbí ọmọkùnrin náà máa bọ̀.

Láti ọjọ́ náà, ìyá oníwàrà kò gba àdúgbò náà kọjá mọ́.

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, àbúrò bàbá Samsudeen ló ṣáájú wọn. Dúróríkẹ́ kí wọn ní èdè Fúlàní, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ó wá ìyá ọkọ títí, kò rí i.

“Ìyá kì í bá wọn wá sí irú èyí lọ́dọ̀ wa,” àbúrò bàbá náà ní.

“Ó dáa. Ẹ bá mi sọ fún un kó máa pe Samsudeen sí oúnjẹ lákòókò.”

“Kò lè pe Samsudeen.” Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. “Àkọ́bí rẹ̀ ni. Ìyá kì í dárúkọ àkọ́bí rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, títí ayé.”

Ó gbé igbá wàrà kan tí wọ́n fi òwú pupa rán lẹ́nu síwájú Dúróríkẹ́, ó ní iṣẹ́ tí ìyá náà rán òun kò yé òun, àmọ́ kí òun ṣá sọ fún Ìyá Ọlámipọ̀sí pé màlúù kọ́ ló bí ọmọ yẹn.