Omi Odò Nínú Ẹ́ńjìnnì

Ìwà burúkú kan ṣoṣo ni Maeng Do-sik ní, àmọ́ ó tó láti ba gbogbo ìwà rere rẹ̀ yòókù jẹ́. Ohunkóhun tí ojú rẹ̀ bá rí tí kò bá ọjà rẹ̀ lára mu, yóò nù ún kúrò kí ojú ẹlòmíràn tó dé ibẹ̀. Ẹsẹ̀ òkè Daegwallyeong ní ilẹ̀ Kòríà ló ti ń ta àlòkù ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù fún àwọn àgbẹ̀ kábéèjì. Kì í jalè, kì í bú ìyàwó rẹ̀, ó sì máa ń fi ọtí soju ṣe oníbàárà lálejò. Ṣùgbọ́n àkísà kì í kúrò nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀.

Lọ́dún kan, òjò pọ̀ jù, odò sì kún lápá Samcheok, ó gbé ọkọ̀ lọ. Do-sik ra ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tí wọ́n wọ́ jáde, píkọ́ọ̀pù aláwọ̀ búlúù kan tí ara rẹ̀ ṣì ń dán. Ẹni tó tà á fún un kò fi nǹkan kan bò.

“Ọ̀gá, inú ọkọ̀ yìí ni wọ́n ti bá òkú ẹni tó ń wà á. Ẹ tú u tà ní wẹ́wẹ́. Ẹ má jẹ́ kó gun títì mọ́.”

“Mo ti gbọ́,” ni Do-sik dáhùn.

Ó fọ̀ ọ́, ó sá a sóòrùn. Nígbà tó gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè tó fa géèjì ọ́ìlì yọ, ohun tó lẹ̀ mọ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà kò jọ ọ́ìlì rárá. Ó funfun, ó ki, bí omi ìrẹsì àná. Do-sik mọ ohun tó túmọ̀ sí: omi ti wọnú ẹ́ńjìnnì. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó rọ ọ́ìlì tuntun sí i, ó ṣáná sí i díẹ̀, ó pa á. Nígbà tó tún wò ó, ó ti funfun padà. Ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe pé ó funfun nìkan, ó ti ga kọjá àmì òkè, àfi bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú ibẹ̀ tó ń bu omi sí i. Òórùn ẹrẹ̀ odò sì gba ọwọ́ rẹ̀ kan.

Ìyàwó rẹ̀ wá bá a níbi tó ti ń fọwọ́. “Bàbá Yeon-hwa, ta ló jókòó sínú ọkọ̀ búlúù yẹn? Mo kí i, kò dá mi lóhùn.”

“Òjìji lo rí,” ni Do-sik wí. Kò yíjú wo ọ̀nà ibẹ̀.

Ní àárọ̀ tí oníbàárà fẹ́ wá wo ọkọ̀ náà, Do-sik tún da ọ́ìlì rẹ̀ nù, ó rọ tuntun sí i, ó nu géèjì, kò sì ṣáná sí i mọ́. Oníbàárà náà ni Tak Seung-mo, ọ̀dọ́ àgbẹ̀ kan. Òun àti ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Eom, ni wọ́n jọ wá.

Seung-mo fa géèjì yọ. Ọ́ìlì ara rẹ̀ mọ́ bí oyin. “Ó dáa o. Ẹ jẹ́ kí n ṣáná sí i ná, kí n tún un wò.”

“Kí lo tún fẹ́ wò?” Do-sik rẹ́rìn-ín. “Àbí ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ mi níṣẹ́ báyìí?”

Ojú ti Seung-mo, ó dá géèjì padà. Ṣùgbọ́n Màmá Eom kò gbà láti wọnú ọkọ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. “Ibí yìí tutù.”

“A ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́ ni, Màmá.”

“Òórùn ọṣẹ kọ́ ni mò ń gbọ́,” ni ìyá àgbà wí. Síbẹ̀ Seung-mo ra ọkọ̀ náà, torí kábéèjì kò ní dúró dè é lóko.

Wọn kò tíì kórè tán tí ẹ́ńjìnnì náà fi gan pa lórí òkè, nínú kùrukùru, lẹ́yìn tí ẹrù ti kún un. Àwọn táyà há mọ́lẹ̀, ọkọ̀ sì yọ̀ kúrò lọ́nà. Wọ́n gé ẹsẹ̀ Seung-mo kan ní ọsibítù. Àwọn tó yọ ọ́ jáde ní àwọn gbọ́ tó ń bẹ ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́ kó ṣílẹ̀kùn fún òun. Òun nìkan ló sì wà nínú ọkọ̀.

Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà padà sọ́dọ̀ Do-sik. Màmá Eom tẹ̀ lé e wá, ó dúró ti bọ́nẹ́ẹ̀tì lójú gbogbo aládùúgbò.

“Fa géèjì yẹn.”

“Màmá, nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ mi, kò sí nǹkan tó ṣe é.”

“Mo ní kó o fà á.”

Ó fà á. Ọ́ìlì kọ́ ló ń kán lára rẹ̀, omi ni, omi tó mọ́ gaara, tòun ti iyanrìn odò. Ọwọ́ Do-sik lọ sápò ẹ̀yìn fúnra rẹ̀, ó fa àkísà jáde.

“Nù ún,” ni Màmá Eom wí wọ́ọ́rọ́. “Máa nù ún lọ.” Ó sì yí padà, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo géèjì tí Do-sik bá fà yọ, funfun ló ń rí. Oníbàárà á ní, “Ọ̀gá, ọ́ìlì yìí mà dáa,” òun á ní omi ni, á nù ún, á tún kì í bọ̀ ọ́, á tún nù ún, títí oníbàárà á fi rọra máa lọ. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u, ó mú Yeon-hwa lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Wonju. Ilé ìtajà ọkọ̀ náà kógbá sílé. Ní báyìí, ibi tí àwọn awakọ̀ ti ń dúró jẹ núdùlù lórí òkè ni Do-sik máa ń wà, tí yóò máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún òun. Àwọn kan ń lé e. Àwọn kan ń ṣàánú rẹ̀, wọ́n á ṣí i, wọ́n á sì máa wò ó bó ṣe ń nu irin tó ti mọ́, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ti Do-sik ṣe àríkọ́gbọ́n. Ẹni tó bá ń tajà, kó jẹ́ kí olùrà rí àbùkù ohun tó ń rà, pàápàá tó bá jẹ́ ohun tí èèyàn máa fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń rà, kó má jẹ́ kí ẹ̀rín ẹnikẹ́ni dójú ti òun kúrò nídìí ohun tó yẹ kó yẹ̀ wò. Kó ṣáná sí ọkọ̀, kó pa á, kó tún géèjì wò. Bí èèyàn bá sì ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu òtítọ́ kúrò lójú àwọn ẹlòmíràn, kó rántí pé ojú tirẹ̀ náà lè má mọ òtítọ́ mọ́ lọ́jọ́ tó bá nílò rẹ̀.