Ìka Kékeré

Wúlù tún tú mọ́ ọ̀gá iléèwé kan tó ti fẹ̀yìntì lọ́wọ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Láti àárọ̀, fìlà tó ń hun fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò tíì ju àtàǹpàkò lọ.

"Mà, ẹ ká ìka kékeré yín," ni Dáraọlá wí, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń kọ́ ọ ní wúlù híhun n'Íkẹ̀rẹ́.

"Ṣebí bí o ṣe na tìrẹ ni mo ṣe na tèmi?"

Dáraọlá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Tèmi ò ṣe é ká mọ́ ni, Mà. Láti kíláàsì kẹrin, lọ́jọ́ tí mo pẹ́ dé, tí ẹ fi pàṣán nà mí lọ́wọ́."

Ọ̀gá gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó fẹ́ ká ìka tirẹ̀ tí nǹkan kan ò ṣe. Ìka kọ̀, kò ká.