Iná Borí

Tíṣà lẹ ojú mọ́ mítà. Ìkòkò omi kan ń hó lórí sítóòfù gáàsì, èkejì lórí ti mànàmáná. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣọ́ òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé sílíńdà lé. Sítóòfù tó bá náni lówó jù, ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti gbé e lọ.

"Kílò gáàsì kan lágbára tó yúnìtì iná mẹ́tàlá!" Ìyàwó ló ké bẹ́ẹ̀.

"Ìdajì rẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò sálọ!"

"Bí ẹ̀yin náà ṣe ń sá fún òótọ́, bàbá àwọn ọmọ."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí ìyá tíṣà fi wọlé, tówẹ́ẹ̀lì léjìká. Omi ìwẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dán àwọn sítóòfù wò.

"Kí ló borí?"

"Iná tèmi!" Àwọn méjèèjì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá ṣí ìkòkò méjèèjì. Wọ́n ti gbẹ kanlẹ̀.

"Olúwa, gbà wá o! Láti ìgbà ìwáṣẹ̀, omi ló ń pa iná. Ẹ̀yin lẹ wá jẹ́ kí iná pa omi."

Ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà. "Oníirin, wá gbé ẹrù ẹ."

"Èwo nínú méjèèjì, Màmá?"

Ìyá na ìka sí ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó.

Ọkùnrin náà gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ sílẹ̀. "Tíṣà, ẹ kọ́kọ́ bọ́ bàtà."