Saheed tí Kò Lè Sọ Pé "Mi Ò Mọ̀"

Àlébù kan ṣoṣo ni Saheed ní, àlébù náà sì tó láti kó bá odidi ilé: kò lè la ẹnu rẹ̀ sọ pé "mi ò mọ̀". Bí ẹ bá bi í ní ọ̀nà ibi tí kò dé rí, á júwe rẹ̀ fún yín. Ó ti rán àlejò tó ń lọ sí Adigbe dé Alábàtà rí, kò sì tọrọ àforíjì títí dòní.

Ní Ìjemò, níbi tí Àfúsá ìyá rẹ̀ ti ń pa aṣọ láró, Gírámà ni wọ́n ń pè é. Ó ti há àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn gígùn sórí, á máa dà wọ́n sílẹ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fún adìyẹ. Àwọn èèyàn á sì pàtẹ́wọ́. Pàtẹ́wọ́ kí ni, fún ọ̀rọ̀ tí ẹni tó sọ ọ́ gan-an ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀?

Ó ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀kan kó lè wọ yunifásítì tó wà ní Alábàtà. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Àfúsá gba fọ́ọ̀mù mìíràn fún un, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ pé ìkẹyìn nìyí. Bó bá tún kùnà, ohun tí òun bá ní kó ṣe ni yóò ṣe.

Lọ́dún yẹn kan náà, Rodiat àbúrò rẹ̀ jáde ilé ìwé girama, òun náà gba fọ́ọ̀mù. Gẹ̀ẹ́sì ò já gaara lẹ́nu Rodiat, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò bá yé e, á béèrè. Ó ń bi tíṣà tó ń kọ́ ọ ní lẹ́sìn ní Adigbe, ó ń bi oníbàárà, ó ń bi ọlọ́kadà pàápàá. Á kọ ọ̀rọ̀ sí iwájú páálí pẹlẹbẹ, á kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá sí ẹ̀yìn, á wá há a mọ́ okùn tí ìyá wọn ń sá aṣọ sí. Bó bá ti ń yí aṣọ padà, á ka iwájú páálí, á ronú, kó tó wo ẹ̀yìn.

"Yorùbá lo fẹ́ fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì?" Saheed bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ sáà fi mí sílẹ̀, bọ̀dá mi. Kì í wọ orí mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Àfúsá, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, gbọ́ wọn. "Aṣọ wo ló ń gba aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?" ló ní. "À ń rì í, à ń yọ ọ́, atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ, à ń tún un rì. Máa rì í lọ, ọmọ mi."

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ìdánwò dé ni ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù Àfúsá. Ìyáàfin Herbert, oníbàárà rẹ̀ ní Kàlàbá, ló kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àfúsá ò kàwé, Rodiat sì ti lọ sí lẹ́sìn. Ó na fóònù sí Saheed. Gbólóhùn kan péré ló wà níbẹ̀: "Your cloths are second to none."

Saheed ò rí irú rẹ̀ rí. Abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ta ni Gírámà fẹ́ bi? Ó wú ikọ́ díẹ̀.

"Màámi, ẹ jókòó. Obìnrin yìí bú yín. Second, ipò kejì nìyẹn. None, kò sẹ́nì kankan. Ó ní ipò kejì laṣọ yín ṣe, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ẹ."

"Èmi Àfúsá? Ta ló ṣe ipò kìíní?"

"Kò dárúkọ onítọ̀hún."

"Dá a lóhùn. Lo àwọn ọ̀rọ̀ tó gùn jù."

Saheed lo àwọn tó gùn jù. Nígbà tí Rodiat dé tó kà á, ó káwọ́ lérí. Ó já páálí tó kọ ọ̀rọ̀ náà sí lára okùn. "Màámi, ìyìn ni. Ó ní aṣọ yín ò lẹ́gbẹ́." Ó pe Ìyáàfin Herbert lójú ẹsẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi sẹ́ ẹ lọ́fun. Ó ní òun wá ọ̀rọ̀ Saheed nínú ìwé atúmọ̀ èdè, orúkọ àìsàn ni méjì nínú wọn. Ó ní kí wọ́n pa ogún aṣọ sí i fún òun.

Òyìnbó tó ṣe pẹ́ńsù ló ṣe eréésà. Ibi tó yẹ kí Saheed ti mú eréésà tirẹ̀ nìyí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ní, "Obìnrin yẹn ni ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó bá ti ṣe ipò kejì, ipò kejì ló ṣe."

Ọjọ́ ìdánwò dé. Àfi bí ẹni pé wọ́n rán an sí i, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an wà lára ìbéèrè. Saheed dé ilé tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àṣìṣe obìnrin yẹn ni wọ́n fẹ́ fi mú mi," ló wí. "Mo mú ipò kejì, mo kọjá lọ."

Èsì jáde. Rodiat gba méjìdínlọ́gọ́rin nínú Gẹ̀ẹ́sì, Alábàtà sì gbà á wọlé. Saheed gba mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó fi méjì rẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.

"Kọ̀ǹpútà náà ni?" Àfúsá bi í.

Àfúsá nu ọwọ́ mọ́ ìró.

"Ó dáa. Títí Rodiat yóò fi wọ ilé ẹ̀kọ́, òun ni tíṣà rẹ. Láràárọ̀ ni wàá jókòó níwájú rẹ̀ lábẹ́ okùn aṣọ. Àǹtí ni wàá máa pè é, wàá sì máa fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀."

"Rodiat, Màámi? Ẹni tí mo gbé pọ̀n?"

"Ó ti kàn án báyìí, kí òun náà pọ̀n ọ́."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí aláró tó dúró ti ìkòkò rẹ̀ nínú agbo ilé náà. Gbogbo wọn ló wá wòran, wọ́n sì ti pa orúkọ dà: Gírámà ti di Sẹ́kọ́ńdì. Rodiat na páálí kan sókè. Saheed wo páálí, ó wo ojú ọ̀run, ó wo ìkòkò aró. Kò sí èyí tó bá a sọ nǹkan kan.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?" Àfúsá béèrè.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Àǹtí Rodiat. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi."

Ẹ̀rín sọ lágboolé, àwọn obìnrin ń gbá ara wọn léjìká. Rodiat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra yí páálí náà padà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò fara sin. Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè ìyá wa, kò sí ìtìjú nínú pé kò yé wa. Ìtìjú wà nínú kí èèyàn máa sọ ohun tí kò yé e, kó sì máa bá ẹni tó mọ̀ ọ́n jà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ṣe ìdánwò, ẹ fi ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀, ẹ lọ béèrè ìtumọ̀ àwọn tó kúrú, kódà bó jẹ́ àbúrò yín ló mọ̀ ọ́n. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ò mọ̀, èsì ìdánwò á bá a sọ ọ́, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́.