Tíṣà Tó Bá Lé Ọmọ Á Bá A Délé

Ìgbà kẹrin rèé ní tẹ́ẹ̀mù yìí tí Tíṣà Láòyè lé Fadérera nílé ìwé torí pé kì í da iṣẹ́ ojú pátákó kọ. Òfin sì ni pé tíṣà tó bá lé ọmọ á bá a délé, á sì bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ ò tiẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n ń lọ mọ́.

Ìyá àgbà Fadérera na ọ̀bẹ sí i. "Ẹ káàbọ̀, Tíṣà. Ẹ̀gẹ́ yín rèé."

Bí Tíṣà ṣe ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ ló rí i tí ọmọ náà tẹ ìwé mọ́ imú.

"O ò ríran dáadáa ni? Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ò bi mí rí, sà. Ẹ kàn ń lé mi ni."

Tíṣà rọra gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó sì fà á lọ́wọ́ wọnú ọkọ̀.

"Níbo là ń lọ?" ni ọkọ̀ wá béèrè.

"Ọ̀dọ̀ dókítà ojú."