Ìṣẹ́jú Mẹ́sàn-án Tó Pa Ohùn Ìyá Rẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àríyànjiyàn orí fóònù, ẹ jókòó ti ìtàn yìí, ẹ má sì dìde títí ẹ ó fi kà á tán. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, n kò ní purọ́ fún yín.

1.
Ọkùnrin kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe. Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kan lórí fóònù, níbi tí irinwó ènìyàn ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Adájọ́ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, torí pé kì í gbà kí ọ̀rọ̀ parí sí ẹnu ẹlòmíràn. Fóònù wo ló dára jù? Adájọ́ á dájọ́. Kí ló ń ba bátìrì jẹ́? Adájọ́ á dájọ́. Bó bá ní ehoro hùwo, ó ti hù ú nìyẹn.

2.
Àìsàn dá ìyá rẹ̀ wó. Ìyá mọ̀ pé òun kò ní rí ọmọ tó wà níkùn àbúrò Adájọ́ obìnrin, tó jẹ́ aránṣọ. Ó bá fi fóònù rẹ̀ gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá: orin tó fi ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún nígbà tí wọ́n kéré, àdúrà, àti orúkọ tó fẹ́ kí ọmọ náà máa jẹ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ kí ọmọ tó dé. Lẹ́yìn náà ló kú.

Kò pẹ́ tí fóònù náà bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ sì fọ́. Aránṣọ gbé e wá fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Adájọ́ yọ ohùn náà jáde lóòótọ́, ó kó o sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ìgbà tó ṣe tán, ó tú fóònù ìyá palẹ̀, ó fi ohun inú rẹ̀ tún ti oníbàárà ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀dà kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

"Íńtánẹ́ẹ̀tì? Kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀! Ọwọ́ mi ni ohùn ìyá mi máa wà. Àbí o ò fọkàn tán mi ni?"

"Mo fọkàn tán yín."

Ó sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni ìbá gba ọkùnrin yìí o!

3.
Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, iyàn dé. Ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń jà lé lórí: èyí tí a ń rà, àti èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọ̀fẹ́ ni Adájọ́ ń gbèjà. Obìnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà kọ̀wé pé, "Ọ̀fẹ́ dára, àmọ́ gbígbé e sórí ẹ̀rọ nira."

"Ìṣẹ́jú mẹ́wàá!" ni Adájọ́ fi fèsì. "Mo máa ṣe é lójú gbogbo yín báyìí."

Ó tan fídíò kí wọ́n lè máa wò ó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Kí ètò tuntun tó lè wọlé, ó ní láti pa gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì tó fẹ́ gbé e sí rẹ́. Dísìkì méjì tó jọra wọn, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan pamọ́ sí, ló wà nínú kọ̀ǹpútà Adájọ́. Ọ̀kan ṣófo, ohùn ìyá wà nínú èkejì. Kò kọ nǹkan kan sára wọn. Ó ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, àkọ́kọ́ ló ṣófo. Ó ti gbàgbé pé lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tó ń gbọn eruku inú ẹ̀rọ náà, òun yọ wáyà méjèèjì, òun kò sì dá wọn padà bí wọ́n ṣe wà. Àkọ́kọ́ ti di ìkejì.

Olùkọ́ náà tún kọ̀wé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yọ èyí tí ẹ kò fẹ́ lò, kó má lọ ṣèèṣì."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ lọ máa kọ́ àwọn ọmọdé."

Ẹ̀rọ bi í pé ṣé ó dá a lójú pé kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ohun tí àwọn ènìyàn ń kọ nípa rẹ̀ ló ń wò. Ó tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló fi parí rẹ̀. Ẹgbẹ́ ń pariwo, "Adájọ́! Baba ni yín!" Olùkọ́ náà ní òun gbà. Inú ọ̀gbẹ́ni dùn, ó ń dá rẹ́rìn-ín.

4.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aránṣọ pè é. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti bímọ o! Obìnrin ni. Ẹ gbé ohùn Màámi bọ̀, mo fẹ́ kó gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu wọn."

Adájọ́ ṣí dísìkì kejì, ó ṣófo. Ó ṣí àkọ́kọ́, ètò ọ̀fẹ́ tuntun ló bá níbẹ̀. Ìgbà yẹn ló rántí wáyà. Ọjọ́ méjì ló fi ta gbogbo ọgbọ́n tó mọ̀. Nínú mọ́kànlá, díẹ̀ lára ẹyọ kan ló rí yọ, ó sì fi í sórí fóònù lọ bá aránṣọ.

5.
Aránṣọ gbé ọmọ lé àyà, ó gbé fóònù súnmọ́ etí rẹ̀. Ìyá wúkọ́. Ó ní, "Ṣé ó ti ń gba ohùn mi báyìí?" Ó sì parí síbẹ̀.

Aránṣọ dúró, ó rò pé ó ṣì kù.

"Ìyókù ńkọ́?"

Adájọ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Obìnrin náà kò pariwo. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, iyàn yẹn, ṣé ẹ borí?"

Orúkọ mìíràn ni ọmọ náà ń jẹ́ lónìí. Èyí tí ìyá ìyá rẹ̀ fún un, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n láyé. Ní ti ẹgbẹ́, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ni wọ́n ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ètò ọ̀fẹ́. Bátìrì ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ o. Ohun tí kò ní àrọ́pò, ẹ má fi pamọ́ sí ojú kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní kí ẹ ṣọ́ra, ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí àtẹ́wọ́ àwọn tí kò mọ ilé yín. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tí kì í gbà nínú yín, kó tó pẹ́ jù. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.